Kí A Tún Un Ṣe, Tàbí Kí A Ra Òmíràn?

Bí ènìyàn bá wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, yóò rí i pé ẹ̀rọ tí ó ti kú àti èyí tí ó wà láàyè ni wọ́n jọ ń gbé inú yàrá kan náà. Tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ wà lára ògiri. Èyí tí ìdí rẹ̀ tóbi bí àpótí wà nísàlẹ̀, ó ti di tábìlì. Fíríìjì tí kò mú omi tutù mọ́ ti di àpótí gààrí àti ẹ̀wà. Fáànù tí kò fẹ́ mọ́ sùn ti áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná mọ́ lábẹ́ ibùsùn. A kò tún wọn ṣe, a kò sì dà wọ́n nù. Bí àlejò bá béèrè, a ó ní, “Mo fẹ́ gbé e lọ bá oníṣẹ́ ni.” Ọdún á yípo, oníṣẹ́ kò ní í fojú kàn án.

Ìwà ọ̀lẹ kọ́ ni ó ń fa èyí. Ìpinnu náà ni ó le. Ẹnìkan yóò sọ fún wa pé ẹ̀rọ ayé àtijọ́ ló lágbára, pé kò sí èyí tí ó dà bí i rẹ̀ mọ́ lọ́jà. Ẹlòmíràn yóò ní ohun tí ó bá ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní í yé bàjẹ́, kí á yáa gbé e sọnù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, méjèèjì sì lè kó ni sí gbèsè. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá mi gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí ni pé ọjọ́ orí ẹ̀rọ kọ́ ni ó yẹ kí ó máa ṣe ìdájọ́. Ohun mẹ́ta ni kí á máa wò: ẹ̀yà ara rẹ̀ wo ni ó bàjẹ́, èló ni ó ń ná wa lójoojúmọ́ tí ó fi ń ṣiṣẹ́, àti pé ta ni yóò tú u.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì mọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba jọ̀wọ́ náírà fún ọjà láti máa dá iye rẹ̀ sọ. Dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí ₦460 tẹ́lẹ̀ ní ọjà ìjọba ti lé ní ₦1,400 kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀rọ ilé wa, tàbí àwọn ẹ̀yà tí a fi tò wọ́n pọ̀, ti ń wá. Nítorí náà, fíríìjì tí owó oṣù méjì tó láti rà nígbà kan ti di ohun tí ènìyàn ń dá àjọ lé lórí. Fún ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé, tàbí tọkọtaya tí kò tí ì pẹ́ tí wọ́n fẹ́ ara wọn, àṣìyàn kan lè jẹ́ owó ilé ọdún kan.

FÍRÍÌSÀ MÀÁMI

Màámi ń ta ẹja dídì ní Ìbàdàn. Fíríìsà ńlá kan, tí ìdérí rẹ̀ wà lókè bí ti àpótí, ni ó fi tọ́ àwa ọmọ mẹ́ta. Fíríìsà náà ti lé ní ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí ó dédé dákẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan, tí páálí ẹja mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Lójú ẹni tí kì í ṣòwò, ẹ̀rọ kan ni ó bàjẹ́. Lójú oníṣòwò ẹja, owó ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí ó wà ní ìlú ọba, pè lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, “Màámi, ẹ má tún un ṣe o. Ó ti gbó. N ó fi owó ránṣẹ́, kí ẹ lọ ra tuntun.” Inú rere ni ó fi sọ ọ́. Àbúrò mi obìnrin, tí ó jókòó ti Màámi, kò fọhùn. Gbogbo wa ni a mọ ìdí rẹ̀: owó tí ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ fi ra fíríìsà ni owó tí ó ti ṣèlérí fún ọdún tí ó gbẹ̀yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe. Kò sí ibi tí òmíràn yóò ti wá lọ́dún náà.

Màámi kó ẹja rẹ̀ lọ sínú fíríìsà ìyá kan tí wọ́n jọ ń tajà, ó sì ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ fíríìjì tí ó wà ní àdúgbò wa. Ohun tí ó wù mí lára ọkùnrin náà ni pé kò kọ́kọ́ dárúkọ owó. Ó yọ fíríìsà kúrò lára iná, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ó mú mítà rẹ̀, ó sì fi kan ẹnu wáyà mẹ́ta tí ó wọ inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ní méjì méjì. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni ọkàn fíríìjì àti fíríìsà; òun ni ó ń ti gáàsì kiri inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí i ká. Bí mítà kò bá rí ọ̀nà láàárín ẹnu wáyà wọ̀nyí, wáyà inú rẹ̀ ti já. Bí ó bá sì rí ọ̀nà láti ibẹ̀ dé ara irin rẹ̀, wáyà ti jóná lu irin, ewu sì wà níbẹ̀.

Ó ní, “Ìyá Ẹlẹ́ja, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yín kò ní nǹkan kan. Ohun tí ó ń ta á jí ni ó jóná.” Ó fa ẹ̀yà kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní rílè, ó mì í sí etí Màámi. Ó ń dún ṣákaṣàka bí ìṣáná inú páálí. Lẹ́yìn èyí, ó fi abala bébà kan há ẹnu ìdérí fíríìsà, ó fà á. Bébà náà yọ láìjanpata. Ó ní rọ́bà ẹnu ìdérí ti gbó, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń wọlé, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà kì í fi í sinmi. Owó rílè, owó rọ́bà àti owó iṣẹ́ rẹ̀ lápapọ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó fíríìsà tuntun.

Kí ó tó kó irinṣẹ́ rẹ̀, Màámi ní kí ó bá òun wo tẹlifíṣàn pálọ̀, èyí tí bọ́ọ̀lù ọmọ àdúgbò ti là lójú. Ọkùnrin náà tàn án, ó wò ó, kò tilẹ̀ tú u. “Ìyá, ẹ má náwó lé eléyìí. Ojú rẹ̀ ni ó fọ́. Owó ojú tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó odindi tẹlifíṣàn.” Báyìí ni fíríìsà ọlọ́dún mẹ́rìnlá ṣe yè, tí tẹlifíṣàn tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta sì kú.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó béèrè pé, “Ẹ̀rí wo ni ó wà pé kò ní í tún bàjẹ́?” Màámi dá a lóhùn pé, “Ẹ̀rí wo ni ó wà pé tuntun kò ní í bàjẹ́?” Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó fi owó ránṣẹ́ bí ó ti ṣèlérí, ilé-ẹ̀kọ́ sì ni owó náà bá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àtúnṣe ni mo ń polówó: bí ó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ gan-an ni ó jóná, ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n mi ni ìbá borí. Àyẹ̀wò ìdajì wákàtí ni ó la ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀YÀ KÉKERÉ NI Ó MÁA Ń KỌ́KỌ́ LỌ

Ní ọdún 1935, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín ohùn rédíò láti ilé dé ilé ní Èkó, àpótí kan lásán ni ó ń wà lára ògiri. Ó ń sọ̀rọ̀, kò sì sí bí a ṣe lè dá a lóhùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Nínú rédíò àti tẹlifíṣàn ìgbà náà, ẹ̀yà onígíláàsì bíi gílóòbù ni ó ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Èyí tí ó bá kú, oníṣẹ́ á yọ ọ́ bí ẹni yọ gílóòbù, á fi òmíràn sí i. Lónìí, àìmọye ẹ̀yà tí ojú kò lè rí ni wọ́n ti dì pọ̀ sínú nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan tí kò tó èékánná. Bí ìyẹn bá kú, kò sí ẹni tí yóò ṣí i.

Ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ òun ni ó ń kọ́kọ́ kú. Àwọn ẹ̀yà tí ó yí i ká, tí ojú ń rí tí ọwọ́ sì ń tó, ni wọ́n ń ṣáájú. Olórí wọn ni kápásítọ̀, èyí tí ó dà bí agolo kékeré lórí bọ́ọ̀dù. Ó máa ń gba iná pamọ́, ó sì máa ń tú u sílẹ̀ ní ìwọ̀n tí ẹ̀rọ fẹ́. Nǹkan olómi wà nínú irú èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú bọ́ọ̀dù tẹlifíṣàn, ooru sì máa ń jẹ́ kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bí orí agolo náà bá ti wú, ó ti ń lọ nìyẹn. Iná tiwa tún ń bá a ṣọ̀tá: fóltì 230 ni ó yẹ kí ó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe ń wálẹ̀ títí gílóòbù yóò fi pọ́n bí ẹyin iná, tí yóò sì tún fò sókè bí wọ́n bá mú iná dé lójijì.

Nítorí náà, àwọn àmì kan wà tí ó yẹ kí gbogbo onílé mọ̀. Fáànù tí ó ń kùn ṣùgbọ́n tí kò yí àyàfi tí a bá fi ọwọ́ tì í, kápásítọ̀ rẹ̀ ni ó sábà máa ń rẹ̀. Bí kì í bá ṣe òun, ibi tí irin àárín rẹ̀ ti ń yí ni ó gbẹ. Méjèèjì kò wọ́n. Tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ tí ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí àwòrán tí ó ń rìn fírífírí nínú òkùnkùn, ojú tẹlifíṣàn náà yè. Àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ tí ó tò sẹ́yìn rẹ̀ ni ó kú, wọ́n sì ṣeé pààrọ̀. Àmọ́ bí ojú bá là, tàbí tí ilà gbọọrọ aláwọ̀ oríṣiríṣi dúró lójú rẹ̀ tí kò kúrò, ẹ rọra kó owó yín sí àpò.

Ní ti fíríìjì, gbólóhùn kan wà tí ó ti gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa: “Gáàsì rẹ̀ ló tán.” Gáàsì fíríìjì kì í tán bí epo mọ́tò. Inú ọ̀pá tí a dí pa ni ó wà, ibẹ̀ ni ó ti ń yí po láti ọdún dé ọdún. Bí ó bá dínkù, ó jò ni. Oníṣẹ́ tí ó bá fi gáàsì kún un láìwá ibi tí ó ti ń jò, omi ni ó ń pọn sínú agbè tí ó lu. Láàárín oṣù díẹ̀, yóò tún padà wá gbowó.

Ẹ tún wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tàbí ẹ̀yìn fíríìjì, nítorí irú gáàsì tí ó ń lò wà níbẹ̀. Àwọn ògbólógbòó gan-an ń lo R12, èyí tí ó ń ba ìbòrí òfuurufú jẹ́, tí àwọn orílẹ̀-èdè sì fi àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 fòpin sí. Èyí tí ó tẹ̀lé e ni R134a. Púpọ̀ nínú àwọn tuntun ń lo R600a. R600a kò ba òfuurufú jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì pọ̀ nínú fíríìjì ilé, ṣùgbọ́n ó lè gbiná. Oníṣẹ́ tí ó bá fẹ́ fi iná jó ọ̀pá fíríìjì R600a nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀, tàbí tí ó fẹ́ fi gáàsì mìíràn rọ́pò rẹ̀, ẹ dá a dúró.

Àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tí kò yẹ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ tú wò rárá. Fóltì tí ó lé ní 2,000 ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ makirowéfù, ó sì lè ṣẹ́ kù sínú kápásítọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Nínú tẹlifíṣàn onídìí ńlá, ó lè lé ní 20,000. Bátìrì fóònù tàbí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó bá ti wú, a kì í gún un, a kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a kì í sì í tún fi iná sí i.

OHUN TÍ Ó WÀ LẸ́YÌN Ẹ̀FÀ

Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Owó tí a fi ra ẹ̀rọ, tàbí tí a fi tún un ṣe, ni ẹ̀fà. Owó iná tí ó ń jẹ ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibí yìí ni àwọn tí ó fẹ́ràn ògbólógbòó ẹ̀rọ ti máa ń gbàgbé ìṣirò.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn tí ó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní kí iná wọn máa tó wákàtí 20 lójúmọ́, láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún ìwọ̀n kan tí mítà ń kà. Ẹ jẹ́ kí á fi ₦225 yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní fíríìjì àtijọ́ kan ń jẹ ìwọ̀n 2 lójúmọ́, tí tuntun tí ó tó o ní títóbi sì ń jẹ ìwọ̀n 1. Ìyàtọ̀ wọn lọ́dún jẹ́ ìwọ̀n 365. Ní owó, ₦82,125 ni. Láàárín ọdún mẹ́ta, ó di ₦246,375. Ẹni tí ó tún fíríìjì bẹ́ẹ̀ ṣe ní ọ̀pọ̀ lè máa san owó tuntun díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀, láì sì ní tuntun nílé.

Kò pọn dandan kí ẹ méfò. Bí ẹ bá ń lo mítà tí a ń kówó sí, ẹ yọ gbogbo ẹ̀rọ yòókù lójú iná lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ó ku fíríìjì nìkan. Ẹ kọ iye tí ó wà lójú mítà sílẹ̀, kí ẹ sì tún wò ó lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà. Ẹ fi mẹ́rin lọ̀ ọ́, ẹ ó mọ nǹkan bí iye tí ó ń jẹ lójúmọ́ bí iná kò bá lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ kọ́kọ́ fi bébà wo rọ́bà ilẹ̀kùn, kí ẹ sì gbá eruku tí ó bo irin ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Rọ́bà tí ó gbó nìkan tó láti sọ fíríìjì tí ó dára di ọ̀jẹun.

Ìṣirò yìí kò rí bákan náà fún gbogbo ẹ̀rọ. Fáànù kì í jẹ iná púpọ̀, rédíò kì í sì í jẹ rárá tán; bí wọ́n bá ṣeé tún ṣe ní ọ̀pọ̀, kí á tún wọn ṣe. Ohun tí ó ń mú nǹkan tutù tàbí tí ó ń mú nǹkan gbóná ni owó iná ń bá lọ. Ní ilé tí iná kì í ju wákàtí mẹ́rin lọ lójúmọ́, ọdún tí tuntun yóò fi pa owó ara rẹ̀ padà á gùn. Ní ilé tí wọ́n sì ń fi jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì oòrùn ṣe agbára, ó kúrú gan-an, nítorí ẹ̀rọ tí ó jẹ iná díẹ̀ kò béèrè bátìrì púpọ̀.

TÒKÚNBỌ̀ ÀTI Ẹ̀BÙN ÒKÈ ÒKUN

Láàárín àtúnṣe àti tuntun, ọ̀nà kẹta wà tí àwa ọmọ Yorùbá fi orúkọ ènìyàn pè. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí ó wálé ni Tòkúnbọ̀. A sì wá fi orúkọ náà jíǹkí ọjà àlòkù tí ó bá ọkọ̀ ojú omi dé. Tòkúnbọ̀ ti gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ ìtìjú, n kò sì ní í bú u. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ni ó ń wọlé lọ́dún, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ há sínú mọ́tò àlòkù, àti pé ó kéré tán 19 nínú 100 nínú àwọn ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá rà wọ́n láìtàn wọ́n wò lójú olùtà, ìdọ̀tí ẹlòmíràn ni ó fi owó rẹ̀ kó wálé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi tí ẹ ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí òbí yín, ọ̀rọ̀ kan kàn yín. Fóltì 120 ni iná ilé ní Amẹ́ríkà. 230 ni tiwa. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún 120 nìkan lè jóná lọ́jọ́ tí ó bá kọ́kọ́ wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní Òṣogbo. Ẹ wo ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: bí wọ́n bá kọ 100-240V sí i, kò séwu ní ti fóltì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni ilẹ̀ Faransé fi òfin dè é pé kí àwọn ẹ̀rọ kan, tí tẹlifíṣàn àti ẹ̀rọ ìfọṣọ wà lára wọn, máa gbé máàkì láti 0 dé 10 tí ó ń sọ bí wọ́n ṣe rọrùn tó láti tún ṣe. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ kí àwọn tí ń ṣe fíríìjì, tẹlifíṣàn àti ẹ̀rọ ìfọṣọ máa pèsè ẹ̀yà ara wọn fún àtúnṣe fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn títà. Ẹ lo àǹfààní yìí nígbà tí ẹ bá ń yan ẹ̀bùn. Ẹ̀rọ tí ẹ̀yà rẹ̀ wà ní Ìkẹjà tàbí Alábà sàn fún ìyá yín ju èyí tí ó rẹwà jù tí ẹnikẹ́ni kò ní ẹ̀yà rẹ̀ lọ.

NÍBO NI ÒKÚ Ẹ̀RỌ Ń LỌ?

Ìròyìn àjọ àgbáyé lórí ìdọ̀tí ẹ̀rọ sọ pé ní ọdún 2022, mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù ni aráyé sọ di ìdọ̀tí, àti pé 22.3 nínú 100 péré ni a ní àkọsílẹ̀ pé wọ́n kó jọ tí wọ́n sì tún lò bí ó ti yẹ. Àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò ni wọ́n máa ń ra tiwa. Wáyà inú rẹ̀ ni wọ́n ń wá, nítorí bàbà; ọ̀nà tí ó sì yá jù láti bó rọ́bà kúrò lára bàbà ni kí wọ́n ti iná bọ̀ ọ́. Èéfín dúdú tí ó ń jáde níbẹ̀ jẹ́ májèlé. Òjé tún wà nínú gíláàsì tẹlifíṣàn onídìí ńlá. Bí ó bá wọ ilẹ̀ tàbí eruku, àwọn ọmọdé ni ó ń ṣe ní ibi jù, nítorí ó ń pa ọpọlọ wọn lára. Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀, àmọ́ níbí yìí, ọmọ ẹni tí ó ń gbé lẹ́bàá ààtàn ni eérú ń bá.

Nàìjíríà ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 2011, lábẹ́ àjọ NESREA, èyí tí ó sọ pé àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ àti àwọn tí ń kó o wọlé ní ojúṣe lórí òkú rẹ̀. Títí òfin náà yóò fi dé ẹnu ọ̀nà gbogbo wa, ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa ni pé kí á gbé ẹ̀rọ tí kò ní í jí mọ́ fún oníṣẹ́ tí yóò yọ ẹ̀yà rẹ̀ lò. Rílè inú òkú fíríìsà kan lè jí òmíràn. Tẹlifíṣàn Màámi tí ojú rẹ̀ fọ́, oníṣẹ́ náà ni ó gbé e lọ. Bọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣì dára, ó sì yọ díẹ̀ kúrò lára owó iṣẹ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN KÍ OWÓ TÓ JÁDE

Èkíní, ẹ̀yà wo gan-an ni ó bàjẹ́? Ẹ má gba “ó ti bàjẹ́ kọjá” láìrí mítà lọ́wọ́ oníṣẹ́. Kí ẹ sì gbà láti san owó àyẹ̀wò, nítorí iṣẹ́ ni òun náà.

Èkejì, ìdá mélòó ni owó àtúnṣe nínú owó tuntun? Bí ó bá ti ju ìdajì lọ, òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé kí á ra tuntun. Bí kò bá tó ìdá mẹ́ta, tí ẹ̀yà náà sì wà lọ́jà, àtúnṣe ló tọ́. Láàárín méjèèjì, ìbéèrè tí ó kù ni yóò la ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta, èló ni ó ń jẹ nínú iná lọ́dún, èló sì ni tuntun yóò jẹ?

Ẹ̀kẹrin, ṣé ewu wà nínú rẹ̀? Ẹ̀rọ tí ó ń gbọ̀n ni lọ́wọ́, tí ó ń rùn bí rọ́bà jíjó, tàbí tí ó ń já iná ilé, kò sí ọ̀pọ̀ nínú pípa á mọ́.

Ẹ̀karùn-ún, kí ni oníṣẹ́ fi dúró lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀? Ẹ ní kí ó fún yín ní ẹ̀yà àtijọ́ tí ó yọ, kí ó kọ iye oṣù tí yóò fi padà wá láìgbowó bí ohun kan náà bá tún bàjẹ́. Oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ kì í bínú sí èyí.

Ìmọ̀ràn kan ni ó kù. Ọjọ́ tí ẹja ń yọ́ kọ́ ni ọjọ́ tí à ń wá oníṣẹ́. Ní ọjọ́ náà, ẹni tí a bá kọ́kọ́ rí ni a ń mú, iye tí ó bá pè ni a ń san. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ará ilé yín nísinsìnyí, nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ó tún tiwọn ṣe tí kò padà bàjẹ́. Ẹ gbé fáànù kékeré kan fún un kí ẹ fi wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣe é dáadáa, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí gbogbo ará ilé yóò ti rí i.